Bí wọ́n ṣe ń fi ICG wá iṣan líńfù kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí wọ́n ti yọ kókó líńfù abíyá rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ọmú lè rí i, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, pé apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ń wú. Omi tó yẹ kó gba inú iṣan líńfù padà sínú ẹ̀jẹ̀ ni kò rọ́nà lọ mọ́. Ọ̀kan lára iṣẹ́ abẹ tó lè dín wíwú náà kù ni kí dókítà so iṣan líńfù mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré tó wà nítòsí rẹ̀. Isao Koshima ní Japan wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ yìí gbilẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé iṣan líńfù tí wọ́n ń so kì í sábà fẹ̀ tó mìlímítà kan, kò láwọ̀, inú ọ̀rá ló sì fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá la awọ láìmọ ibi tó wà lè wá a títí kó má rí i.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo indocyanine green, tí gbogbo wọn ń pè ní ICG: aró kan tó máa ń tàn lójú kámẹ́rà àkànṣe, kí wọ́n lè rí iṣan líńfù láti òde awọ. Ìyẹ̀fun ni, mílígíráàmù 25 nínú ìgò kékeré. Omi tí wọ́n ṣe fún abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pò ó, kì í ṣe omi oníyọ̀, torí iyọ̀ lè mú kó ṣù jọ. Tí mílílítà 10 bá wọ inú ìgò, mílígíráàmù 2.5 ló máa wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Láàárín wákàtí 6 ni kí wọ́n lò ó tán. Áyódínì wà nínú púpọ̀ nínú ICG tí wọ́n ń tà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ara aláìsàn kọ̀ ọ́.

Àárín ìka ni wọ́n ń gún un sí, mílílítà 0.1 sí 0.2 lójú kọ̀ọ̀kan. Inú awọ gan-an ni kó dúró sí, kí ojú ibẹ̀ wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Bó bá jìn wọnú ọ̀rá, iṣan ò ní tètè gbé e, àwòrán á ṣú, wọ́n sì lè rò pé iṣan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ti kú. Ó máa ń ta aláìsàn gan-an, ó sì dáa kí wọ́n fi oògùn pa ìrora ojú ibẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà, aláìsàn á máa di ìkúùkù, á máa tú u, kí omi lè gbéra.

Wọ́n á pa iná yàrá. Kámẹ́rà náà ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú kò rí. ICG á gbà á, á sì dá tirẹ̀ padà ní nǹkan bí nánómítà 830, funfun lórí ojú dúdú. Iṣan tó ṣì dáa á hàn bí okùn tó gùn tààrà. Ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi bírò tọ ipa rẹ̀ lára awọ, torí bí wákàtí ti ń lọ, ICG tó ń jò sínú awọ á bo okùn náà mọ́lẹ̀. Níbi tí ó ti ń jò, wọ́n á rí ojú funfun kéékèèké tó fọ́n ká bí ìràwọ̀. Níbi tó ti bàjẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á funfun láìsí okùn kankan. Èyí ni wọ́n tún ń padà wá wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí wọ́n lè mọ ibi tí jíjò náà dé.

Kì í ṣe gbogbo okùn ló ṣeé so. Èyí tí ICG ń rìn nínú rẹ̀ wìtìwìtì, tó ń fún, tó ń tú, ló ṣì lágbára. Èyí tí kò mira lè ti le, kí ihò rẹ̀ sì ti fún pọ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fẹ́ràn ibi tí okùn náà ti fẹ́ wọnú ìràwọ̀, torí omi ń tì gan-an níbẹ̀. Kámẹ́rà yìí ò sì rí kọjá sẹ̀ntímítà 2 sísàlẹ̀. Fún itan tó sanra, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ni wọ́n máa ń bá lọ.

Tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ ultrasound rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ ọn, tó fẹ̀ bíi tirẹ̀, wọ́n á sàmì síbẹ̀. Bí apá ṣe máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ni kó wà nígbà tí wọ́n ń sàmì, torí awọ máa ń sún kúrò lójú iṣan bí apá bá yí. Ojú àmì náà ni wọ́n á ti la sẹ̀ntímítà 2 sí 3, wọ́n á fi òwú tó tín-ín-rín gan-an (11-0 tàbí 12-0) rán iṣan méjèèjì pọ̀ lábẹ́ maikirosikópù, wọ́n á sì tún tan kámẹ́rà. Bí funfun bá kọjá sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ojú rírán ṣí nìyẹn. Bó bá dúró síbi òwú, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán.