Ta ló ni Facebook gan-an?

Àbúrò mi obìnrin ra ṣíà Meta lórí fóònù lọ́jọ́ kan, Meta yẹn ni ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, odindi ṣíà kan kọ́ o, ègé ló rà. Bó ṣe rà á tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo ibi tó ṣeé tẹ̀ lórí áàpù yẹn, àfi bó ṣe kan ibì kan tí wọ́n kọ insider sí pẹ̀lú nọ́ńbà bíńtín tí ò tó pásẹ́ǹtì kan, institution wá wà lábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà gàgàrà. Ló bá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ń pariwo pé ṣé wọ́n ti lé Mark Zuckerberg, tó dá Facebook sílẹ̀, kúrò nílé-iṣẹ́ ẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé, mo wá kó wọn jọ síbí torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe ní kàyéfì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n ń pè ní insider, ta wá ni institution?

Ìdáhùn: Insider ni àwọn ará inú ilé. Ọ̀gá àgbà, àwọn ọ̀gá tó ń bá a darí ilé-iṣẹ́, àwọn tó jókòó sí bọ́ọ̀dù, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní ju pásẹ́ǹtì 10 lọ nínú irú ṣíà kan. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1934 ló kó wọn sójú kan, ìdí ẹ̀ ò sì le rárá: ẹni tó wà ní kíṣìnì ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ọbẹ̀ ti jóná kí àlejò tó wà ní pálọ̀ tó gbóòórùn ẹ̀, torí náà tó bá fẹ́ ta abọ́ tiẹ̀, kó tà á lójú gbogbo wa.

Institution ni àwọn tó ń fi owó ẹlòmíì ra ṣíà. Ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣàn, ìnṣọ́ránsì, báǹkì, àtàwọn òmìrán bíi Vanguard, BlackRock, Fidelity àti State Street.

Ìbéèrè: Vanguard àti BlackRock ló wá ni Facebook nìyẹn? Torí mo rí orúkọ wọn lórí Apple náà.

Ìdáhùn: Wàá rí wọn lórí Apple, wàá rí wọn lórí Microsoft, wàá tún rí wọn lórí Nvidia, ohun tó jẹ́ kí àwọn kan máa pariwo kiri pé BlackRock ló ni ayé nìyẹn. Rántí alájọ tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù màmá wa láràárọ̀ pẹ̀lú káàdì. Ká ní alájọ yẹn kó owó ọgọ́rùn-ún ìyá ọlọ́jà jọ, ó fi ra ilẹ̀ fún wọn, orúkọ tiẹ̀ ló wá wà lórí ìwé ilẹ̀ náà, ṣé òun ló wá nilẹ̀? Iṣẹ́ tí Vanguard ń ṣe nìyẹn, ó ń gba owó iṣẹ́ ẹ̀ díẹ̀, àwọn tó dá owó ló ni èrè àti àdánù.

Bó ṣe wá jẹ́ pé ibi gbogbo lo ti ń rí wọn: John Bogle dá Vanguard sílẹ̀ ní 1975, nígbà tó di 1976 ó gbé àjọ kan jáde tí ò ní í máa ṣa ṣíà bí ẹni ṣa ẹ̀wà, ṣe ló máa ń ra gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní S&P 500, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà bíi 500. Wọ́n fi baba náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn o. Facebook wọ ìwé yẹn ní oṣù Kejìlá 2013, látìgbà yẹn ẹni tó ń bójú tó àjọ náà ò lè sọ pé òun ò fẹ́ràn ojú Zuckerberg, dandan ni kó ra. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, tí wọ́n ń yọ owó 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, nínú owó oṣù ẹ̀, ó ṣeé ṣe kóun náà ti ní Meta láìmọ̀, kó tún máa bú Facebook lórí Facebook.

Ibi tọ́rọ̀ alájọ ti wá ń kọ mí lóminú ni pé alájọ yìí ló tún ń bá àwọn olówó dìbò nípàdé àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní ṣíà nínú ẹ̀. Ẹni tó dá owó ò mọ ohun tí wọ́n dìbò fún. BlackRock ti ń jẹ́ kí àwọn kan lára àwọn oníbàárà ẹ̀ yan bí ìbò wọn á ṣe lọ láti 2022, ìyẹn dáa, àmọ́ àwọn tó pọ̀ jù ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbò wà.

Ìbéèrè: Zuckerberg wá ńkọ́? Kí ló dé tí nọ́ńbà ẹ̀ fi kéré báyẹn?

Ìdáhùn: Zuckerberg ò lọ síbì kankan. Ṣíà Meta oríṣi méjì ni, Class A àti Class B. Class A ni wọ́n ń tà lọ́jà, òun lo rà, òun ni Vanguard náà rà, ṣíà kan ìbò kan. Class B ò sí lọ́jà rárá, ọwọ́ Zuckerberg àti àwọn díẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ló wà, ṣíà kan ìbò mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ áàpù àti sáìtì ló jẹ́ pé Class A nìkan ni wọ́n ń kà, tiẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Class B tán, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé baba onílé ò ní yàrá nínú ilé ẹ̀.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ká ní ṣíà 100 ni gbogbo ẹ̀, 85 jẹ́ A, 15 jẹ́ B. A mú ìbò 85 wá, B mú ìbò 150 wá, àpapọ̀ ẹ̀ 235. Ẹni tó ní ṣíà 15 péré ti gba nǹkan bíi 64 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ìbò. Ti Meta gan-an ò jìnnà síyẹn, Zuckerberg ní nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 13 nínú ilé-iṣẹ́ náà, àmọ́ ìbò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lé ní 60. Tó bá di ọ̀rọ̀ èrè o, dọ́gbandọ́gba ni, nígbà tí Meta bẹ̀rẹ̀ sí í pín èrè fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2024, 50 sẹ́ǹtì ni ṣíà kọ̀ọ̀kan gbà, àti A àti B.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé tí ẹni tó ní Class B bá tà á, ó ti di Class A nìyẹn, ìbò mẹ́wàá di ọ̀kan. Torí náà gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ bá ta tiẹ̀ kó lè fi kọ́lé, ṣe ni ọwọ́ Zuckerberg tún ń le sí i, láìra kọ́bọ̀ kan.

Ìbéèrè: Kí wá ni ìwúlò ìbò àwa yòókù? Ẹ má bínú o, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi wá ṣeré.

Ìdáhùn: Mi ò bínú, èmi náà ti bínú sí i rí. Àwọn ará ìta máa ń gbé àbá wá sípàdé ọdọọdún Meta pé kí ṣíà kan jẹ́ ìbò kan fún gbogbo ayé, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kì í ṣe ará inú ilé á dìbò sí i, àbá náà á ṣubú, torí ìbò ẹnì kan ju ti gbogbo wọn lọ. Ní 2016 wọ́n tiẹ̀ fẹ́ dá Class C sílẹ̀, ṣíà tí ò ní ìbò kankan, kí Zuckerberg lè máa ta tiẹ̀ láìjẹ́ pé agbára bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn onípìn-ín gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Delaware, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Zuckerberg fúnra ẹ̀ lọ rojọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2017 ni ilé-iṣẹ́ náà pa ètò Class C yẹn tì.

Àwọn yìí kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o. Google ti gbé oríṣi méjì wọ ọjà ní 2004, ó dá Class C tí ò ní ìbò sílẹ̀ ní 2014, ìdí nìyẹn tó o fi ń rí orúkọ méjì fún un lórí áàpù, GOOGL àti GOOG, tí lẹ́tà L tó wà nídìí ọ̀kan jẹ́ ìbò tí wọ́n yọ lára ìkejì. Snap, tó ni Snapchat, ló wá bọ́jú jù, ní 2017 ṣíà tí ò ní ìbò rárá ni wọ́n gbé wá sọ́jà, èèyàn sì tò láti rà á.

Ohun tó ń ba àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Apple sílẹ̀. Ní Apple ṣíà kan ìbò kan ni, nígbà tí ìjà dé láàárín òun àti ọ̀gá tóun fúnra ẹ̀ lọ bẹ̀ wá, bọ́ọ̀dù ò gbè é lẹ́yìn, ó kúrò ní 1985, ó sì ta gbogbo ṣíà ẹ̀ àfi ẹyọ kan. Ọmọ ìkókó tó ń kọ́ kóòdù lónìí ló ti gbọ́ ìtàn yẹn.

Ṣé ó dáa báyìí? Wo 2022. Meta ń da bílíọ̀nù bíliọ̀nù dọ́là sínú metaverse, ìyẹn ayé inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ kọ́, ṣíà ẹ̀ já wálẹ̀ débi pé nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá kò tó 100 dọ́là mọ́, Brad Gerstner tó dá Altimeter sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ẹlòmíì ra ṣíà, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí i pé kó dín ìnáwó kù, àmọ́ lẹ́tà lásán ni, kò sí ìbò tó lè fi lé ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ Zuckerberg dá èèyàn 11,000 dúró lóṣù yẹn, nígbà tó sì di 2024 ṣíà náà ti kọjá 500. Ẹni tó gbà pé ọ̀gá tí ò ṣeé yọ ló mú kí ilé-iṣẹ́ fara da ìyà á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, èmi ní tèmi rò pé ṣe ló ṣe oríire, torí ká ní ọ̀nà yẹn ò gba ibì kankan lọ, ta ni ì bá sọ fún un? Ṣùgbọ́n o, ẹnikẹ́ni tó ra Class A, inú ìwé ni wọ́n ti kọ gbogbo ẹ̀ kó tó rà á.

Ìbéèrè: Mo tún rí i pé ọ̀gá kan níbẹ̀ ta ṣíà ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí n ti máa sá ni?

Ìdáhùn: Fara balẹ̀ ná. Ará inú ilé tó bá ra tàbí tó tà, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni wọ́n fún un láti fi kọ ọ́ sínú Form 4, SEC tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà l'Amẹ́ríkà á gbé e síta, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà kan wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn tó o gbọ́dọ̀ wò kó o tó pariwo. F, wọ́n yọ ṣíà láti fi san owó orí. G, ó fi ta èèyàn lọ́rẹ. S ni pé ó tà. P ni pé ó fowó ara ẹ̀ rà, èyí ló yẹ kó o tẹ́tí sí, kò sì pọ̀ láàárín àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá, torí ṣíà ni wọ́n fi ń san apá tó pọ̀ nínú owó wọn tẹ́lẹ̀.

S gan-an, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló níkà nínú. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní 10b5-1, ọ̀gá á ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé òun á ta iye báyìí nígbà báyìí, lẹ́yìn náà kò sí nínú ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Nígbà tí Jensen Huang, ọ̀gá àgbà Nvidia, ń ta ṣíà ní 2024, tí àwọn kan ń pariwo pé ó ti rí ewu, ètò tó ti ṣe láti oṣù Kẹta ló ń tẹ̀ lé.

Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ni ti Peter Thiel. Ó fi 500,000 dọ́là sínú Facebook ní 2004, ó gba nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 10, ó sì jókòó sí bọ́ọ̀dù. Facebook wọ ọjà ní oṣù Karùn-ún 2012 ní 38 dọ́là, wọ́n ní kí àwọn ará inú ilé má ì tíì ta ná, bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn fún wọn ní oṣù Kẹjọ ni Thiel ta nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù ṣíà, nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bíi 20 dọ́là lọ. Gbogbo èèyàn gbọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ni Zuckerberg wá kéde pé òun ò ní í ta fún ọdún kan, ó kéré tán. Ará inú ilé méjì, ìmọ̀ kan náà, ọ̀kan jáde, ọ̀kan tìlẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀ sínú.

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ kan wà tí mo rí tí institution ẹ̀ ju pásẹ́ǹtì 100 lọ. Ìṣirò wo nìyẹn?

Ìdáhùn: Àṣìṣe kọ́ dandan. Tí ẹnì kan bá yá ṣíà lọ́wọ́ Vanguard, tó tà á fún Fidelity kó lè rà á padà tó bá wálẹ̀, Vanguard ṣì ń kà á mọ́ tiẹ̀, Fidelity náà ń kà á, ṣíà kan ti di méjì lórí ìwé. Àwọn tó ń ta ṣíà tí wọ́n yá pọ̀ débi pé ti GameStop, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta géèmù, kọjá gbogbo ṣíà tó wà lọ́jà ní oṣù Kìíní 2021. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn institution ní ọjọ́ 45 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n tó fi 13F sọ ohun tí wọ́n ní, fọ́tò ọjọ́ tó ti pẹ́ lò ń wò.

Ìbéèrè: Èyí tó kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ tèmi ńkọ́, ibo ló wà nínú ìwé Meta?

Ìdáhùn: Kò sí níbẹ̀. Bróókà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù tó o fi rà á, ló mọ̀ ẹ́, bróókà náà wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DTC, tó ń bá wọn tọ́jú ṣíà, orúkọ tó wá wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíà Amẹ́ríkà ni Cede & Co, tó ń dúró fún DTC. Vanguard tó o ń bẹ̀rù yẹn, ibẹ̀ náà ni ṣíà tiẹ̀ máa ń wà. Èrè ẹ á ṣì dé ọ̀dọ̀ ẹ, àmọ́ ègé ṣíà lo ní, àwọn bróókà kan kì í sì í jẹ́ kí ègé dìbò. Tí ọjọ́ ìpàdé wọn bá ń bọ̀, wo ímeèlì ẹ bóyá wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́.

Ó ní ó ti rí i lọ́dún tó kọjá, ó rò pé àwọn yahoo boys ni, ó sì pa á rẹ́.