Hómónù thyroid àti àwọn oògùn rẹ̀

Thyroid jẹ́ ẹṣẹ́ (gland) kékeré kan tó ń tú hómónù, ìyẹn èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, sínú ẹ̀jẹ̀; ó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Bí ó bá wú, á di ohun tí Yorùbá ń pè ní gẹ̀gẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gẹ̀gẹ̀ nìkan kò lè sọ bóyá hómónù pọ̀ jù tàbí ó kéré. Áyódíìnì inú oúnjẹ ni ẹṣẹ́ náà fi ń ṣe hómónù méjì: T4 àti T3. T4 ló ń tú jáde jù, àmọ́ T3 ló lágbára jù. Inú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú T3 ti ń jáde láti ara T4. Hómónù méjèèjì yìí ló ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ àti bí ọkàn ṣe ń yára lù. Bí wọ́n bá dín kù, ẹṣẹ́ pituitary tó wà lábẹ́ ọpọlọ á túbọ̀ tú TSH, ìyẹn hómónù tirẹ̀, jáde láti ta thyroid jí.

Ẹni tí hómónù rẹ̀ kò tó sábà máa ń sanra, òtútù á máa mú un, á sì máa rẹ̀ ẹ́. Ní 1891, dókítà George Murray ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oje thyroid àgùntàn gún obìnrin ẹni ọdún 46 kan tó ní àìsàn yìí lábẹ́rẹ́; obìnrin náà tún lo ọdún 28 láyé. Levothyroxine, ìyẹn T4 àtọwọ́dá, ló gba ipò oje yẹn lónìí. Nǹkan bí ọjọ́ 7 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fi tó, tí a sì ń dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí a tó tún TSH yẹ̀ wò. Omi lásán ni a fi ń lò ó, ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀. Aláboyún tó bá dà á pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà ń fi oògùn ṣòfò: áyọ́ọ̀nù (iron) inú oògùn ẹ̀jẹ̀ náà á di levothyroxine mú nínú ìfun. TSH á wá ga, á dà bíi pé oògùn kò tó. Wákàtí 4 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kálísíọ̀mù.

Bí hómónù bá pọ̀ jù, carbimazole ni a sábà ń lò. Kì í jẹ́ kí thyroid ṣe hómónù tuntun, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan ṣe sí èyí tó ti wà nípamọ́, nítorí náà ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó fúyẹ́. Propranolol ló ń rọ àyà jíjá àti ọwọ́ gbígbọ̀n lójú kí ìyẹn tó ṣiṣẹ́. Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, propylthiouracil ni a sábà ń yàn dípò carbimazole. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ oògùn méjèèjì tó ń dí thyroid lọ́wọ́ yìí lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ run: bí ibà àti ọ̀fun dídùn bá dé lójijì, kí aláìsàn dá oògùn náà dúró, kí ó sì lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ abẹ àti áyódíìnì onítànṣán tún wà. Ọ̀pọ̀ tó gba ọ̀nà méjèèjì ló ń padà wá lo levothyroxine.