Iṣẹ́ awakọ̀ bàálù àkọ́kọ́: ẹ wo wákàtí kí ẹ tó wo owó oṣù

Ẹni tó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù, ì báà jẹ́ NCAT ní Zaria, ì báà jẹ́ ti Ìlọrin, ì báà jẹ́ òkè òkun, láísẹ́ǹsì CPL, èyí tó fún un láṣẹ láti fi wíwa bàálù ṣiṣẹ́ owó, ló máa ń mú bọ̀ wálé, pẹ̀lú nǹkan bí 200 sí 250 wákàtí fífò nínú logbook rẹ̀, ìwé tí awakọ̀ ń kọ wákàtí rẹ̀ sí. Àwọn òbí kan ti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn ti yáwó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá kan ní Ìkẹjà bá wá pè é pé kó wá ṣe First Officer, igbákejì kápútéènì, inú gbogbo ilé á dùn, wọ́n á sì buwọ́ lu ìwé àdéhùn lórí ìdúró. Ìwé yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n jókòó tì.

Wákàtí ni èrè iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ di kápútéènì gbọ́dọ̀ gba ATPL, láísẹ́ǹsì tó ga jù fún awakọ̀, ATPL kò sì ṣeé gbà láìní 1,500 wákàtí. Kì í tún ṣe wákàtí lásán. Ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé fún ìrìnnà òfuurufú, béèrè pé kí 100 nínú rẹ̀ jẹ́ ti òru, kí 75 jẹ́ èyí tí ẹ fi ohun èlò inú bàálù nìkan darí rẹ̀, kí 200 jẹ́ ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú, kí 250 sì jẹ́ èyí tí ẹ ti ṣe olórí ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú ìyẹn lè jẹ́ lábẹ́ ìṣọ́ kápútéènì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 200 ṣì ń wá 1,300. Bó bá ń rí 60 lóṣù, kò ní pé ọdún 2 kó tó bá a. Bó bá jẹ́ 30 ló ń rí, ó di ọdún 3 àti oṣù 7. Ìyàtọ̀ yìí tóbi ju ìyàtọ̀ owó oṣù ilé-iṣẹ́ méjì lọ.

Ẹ má retí pé ẹni tó ń gbà yín síṣẹ́ ló máa sọ iye wákàtí náà fún yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Bàálù kan tó ń ná Èkó sí Abuja, Port Harcourt àti Kano, bí ara rẹ̀ bá dá, lè fò wákàtí 8 lójúmọ́. 240 lóṣù nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ní bàálù 5 ní 1,200 wákàtí láti pín. Bí First Officer wọn bá jẹ́ 25, 48 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ká ní bàálù 2 nínú wọn ti lọ fún C-check, àyẹ̀wò àti àtúnṣe ńlá, ní òkè òkun, tí dọ́là tí wọ́n máa fi gbà wọ́n padà kò tíì pé. Wákàtí tó kù di 720, ìpín ẹnì kan wálẹ̀ sí 29 ó dín díẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí tiwọn gbà, nítorí náà ẹni tuntun lè máà rí ju 15 lọ.

Nítorí èyí, bàálù tó ń fò lónìí ni kí ẹ kà. Èyí tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ hangar, ilé tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe, ní Ìkẹjà, tí wọ́n ti fi nǹkan bo ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sí nínú ìṣírò. Àmì ìforúkọsílẹ̀ bàálù Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ẹ kọ gbogbo 5N ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ ṣí Flightradar24, áàpù tó ń fi bàálù tó wà lójú òfuurufú hàn, lórí fóònù, kí ẹ máa ṣọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ 2. Èyí tí kò bá jáde rárá láàárín ọ̀sẹ̀ 2 yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá sì rí bàálù tó wọ àwọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ṣùgbọ́n tí àmì rẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ béèrè dáadáa, nítorí ó lè jẹ́ wet lease, ìyẹn bàálù tí wọ́n yá pẹ̀lú òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nínú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni bàálù ló ń kó awakọ̀ àti ẹlẹ́rọ tirẹ̀ wá pẹ̀lú rẹ̀. Èrò á máa wọlé, owó á máa wọlé fún ilé-iṣẹ́, àmọ́ wákàtí kan kò ní bọ́ sínú logbook yín. Ilé-iṣẹ́ lè dà bí ẹni pé ó ń gbòòrò bẹ́ẹ̀, kí àwọn First Officer rẹ̀ sì jókòó sílé.

Wákàtí òru náà nílò àkíyèsí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú wa ni kò ní iná lójú ọ̀nà bàálù, bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n ti ti pa. Ní Èkó níbí pàápàá, ojú ọ̀nà 18L, èyí tó sún mọ́ ibi tí àwọn bàálù abẹ́lé ń dúró sí, kò ní iná òru fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di ìparí 2022. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lè jẹ́ kí ẹ pé 1,500 kí òru yín sì ṣì wà ní 40. Èyí tó ń lọ sí Accra lálẹ́, tàbí tó ń rin ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn, sàn ní ti èyí.

Ọ̀nà tún jìn láti ọjọ́ tí ẹ buwọ́ lùwé dé ọjọ́ tí ẹ máa fò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ á kọ́kọ́ kọ́ yín ní ìlànà tirẹ̀, ohun èlò ìdóòlà ẹ̀mí àti ọ̀rọ̀ ẹrù eléwu. Type rating, ẹ̀kọ́ lórí irú bàálù kan pàtó, ló kàn: ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù, wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìdánwò tó kádìí rẹ̀. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kéré á tún gbé bàálù gidi sókè láìsí èrò nínú rẹ̀, á sì bà á sílẹ̀ nígbà mélòó kan. Base training nìyẹn. NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, á kọ irú bàálù náà sínú láísẹ́ǹsì rẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ line training, ìyẹn kíkó èrò pẹ̀lú kápútéènì tó jẹ́ olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi mẹ́ta ni nǹkan ti máa ń dúró. Simulator sábà máa ń wà ní òkè òkun, ó nílò físà àti dọ́là. Base training ń jó epo, ó sì ń gba bàálù kúrò lẹ́nu owó, nítorí náà wọ́n máa ń sún un síwájú. Àwọn kápútéènì olùkọ́ kò sì pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gbà ṣáájú yín: oṣù mélòó ló gbà wọ́n? Èló ni wọ́n ń san fún wọn lásìkò náà? Owó oṣù tí wọ́n kọ sínú ìwé lè máà bẹ̀rẹ̀ títí line check, ìdánwò tó kádìí line training, á fi parí.

Ibẹ̀ ni bọ́ǹdì ti wọlé, ìyẹn àdéhùn pé bí ẹ bá kúrò kí àsìkò kan tó pé, ẹ máa san owó ẹ̀kọ́ náà padà. Ilé-iṣẹ́ tó bá san owó type rating fún ẹni tuntun ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo owó rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ṣe pàtàkì. Ká mú bọ́ǹdì 30,000 dọ́là fún oṣù 36. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń dín kù lóṣooṣù, ẹni tó lọ ní oṣù 18 jẹ 15,000. Bó bá jẹ́ irú èyí tí kì í dín, ẹni tó lọ ní oṣù 35 ṣì jẹ gbogbo 30,000. Irú owó tí wọ́n kọ ọ́ sí ńkọ́, dọ́là ni àbí náírà? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní ọjà ìjọba. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Gbèsè tó jẹ́ mílíọ̀nù 13.8 náírà ti di mílíọ̀nù 42 láàárín oṣù mẹ́sàn-án péré, owó oṣù ẹni tó jẹ ẹ́ sì wà ní náírà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ bọ́ǹdì sí owó tí wọ́n á fi máa sanwó fún yín.

Ẹ wo ọjọ́ tí kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ láti ọjọ́ tí line check parí, gbogbo oṣù tí ẹ fi dúró de simulator kò sí nínú rẹ̀. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá dá yín dúró nítorí pé bàálù kò sí? Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pé bọ́ǹdì kú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe onídùúró pẹ̀lú ìwé ilé, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Láísẹ́ǹsì ọmọ yín kì í ṣe ohun ìdógò, kó má fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ọdún 2 sí 3 tó ń dín kù lóṣooṣù bójú mu. Ọdún 5 tí kì í dín, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti buwọ́ lù ú, àyàfi bí bàálù tó ń fò níbẹ̀ bá pọ̀ gan-an.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í fẹ́ wa bàálù ATR 72 nítorí pé ó ní fáànù níta, wọ́n fẹ́ jẹ́ẹ̀tì bíi 737 tàbí A320. Òótọ́ ni pé méjèèjì yẹn pọ̀ kárí ayé, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì máa ń béèrè wákàtí jẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n 60 wákàtí lóṣù lórí ATR sàn ju 20 lórí 737 lọ fíìfíì. Ẹni tó ń wa ATR ń bà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, nínú ọyẹ́ àti òjò, ó sì ń yára mọ iṣẹ́. Ẹ má sì gbàgbé òfin 90 ọjọ́: ẹni tí kò bá gbé bàálù sókè kó sì bà á sílẹ̀ nígbà 3 láàárín 90 ọjọ́ kò lè kó èrò mọ́ títí á fi tún wọn ṣe, nínú simulator lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ béèrè bóyá ìwé ipò-àgbà wà, èyí tó to àwọn awakọ̀ bí wọ́n ṣe wọṣẹ́ ṣáájú ara wọn, kí wọ́n sì fi hàn yín. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí èèyàn wọlé ló ń pinnu bàálù tó máa wà, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti ìgbà tó máa di kápútéènì. Níbi tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n lè máa gba kápútéènì láti ìta wá lọ́dọọdún kí ẹ sì máa wò wọ́n.

Ní ti owó, ẹ ya owó oṣù gangan sọ́tọ̀ kúrò lára owó wákàtí. Bí ìlàjì owó náà bá wà lórí wákàtí, oṣù tí bàálù bá bàjẹ́, owó yín náà bàjẹ́ nìyẹn, àyàfi bí wọ́n bá kọ iye wákàtí tó kéré jù tí wọ́n máa san láìka pé ẹ fò tàbí ẹ ò fò. Òfin pẹ́ńṣàn 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ san 10%, kí òṣìṣẹ́ san 8%, kí ilé-iṣẹ́ sì tún ra adójútòfò ẹ̀mí tó tó ìlọ́po 3 owó ọdún kan fún òṣìṣẹ́ náà. Òfin kò dárúkọ adójútòfò fún ẹni tí àìlera gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni awakọ̀ nílò jù. Ọdọọdún ni ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò ìlera awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Class 1. Ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo tó kọ̀ tí kò wálẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró.

Ibùgbé kò ṣeé fojú fò. Bàálù àkọ́kọ́ ń gbéra láàárín aago 6:30 sí 7, ẹ sì gbọ́dọ̀ dé níbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó ń gbé Ajah á ti jí ní aago 3. Ọ̀nà àárọ̀ kò nira tó bẹ́ẹ̀, ìpadà sílé ló nira: lórí Third Mainland nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrìn-àjò 4, wákàtí 2 sí 3 lè lọ. Ọjọ́ standby, ọjọ́ tí ẹ wà nílé tí ẹ ń retí ìpè, le jù, nítorí wọ́n lè fún yín ní 90 ìṣẹ́jú péré láti dé. Yàrá kékeré ní Máfolúkù, Àjàó tàbí Ọgbà dára fún ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n owó ilé, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí owó oṣù tó bẹ̀rẹ̀.

Logbook ló kù. Nigeria Airways kógbá sílé ní 2003, Air Nigeria dáwọ́ dúró ní 2012. Lẹ́yìn irú èyí, ẹni tó máa jẹ́rìí sí wákàtí yín ṣòro láti rí. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá awakọ̀ buwọ́ lu ojú ìwé náà kó sì lu òǹtẹ̀. Lọ́dọọdún, ẹ gba lẹ́tà tó ní àpapọ̀ wákàtí yín, ti ọ̀sán àti ti òru lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí kì í ṣe fóònù yín nìkan.