Kí oòrùn tó wọ̀: bí ètò fọ́tò orí òkè ṣe ń lọ

Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó lórí òkè ní Ìlọrin tàbí ní gúúsù Kwara, agogo ló yẹ kó kọ́kọ́ wò kó tó ṣí àpótí aṣọ. Ní oṣù Kejìlá, nǹkan bí agogo 6:30 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Ìlọrin. Tó bá di oṣù Kẹfà, á sún mọ́ agogo 7:00. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka gbogbo ètò padà sẹ́yìn: ìgbà tí kámẹ́rà á jáde nínú báàgì, ìgbà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ìgbà tí ìyàwó á jókòó síwájú ẹni tó ń kun ojú, títí dé ìgbà tí mọ́tò á kúrò nílé.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń mú ojú èèyàn dùn-ún wò kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nílẹ̀ àwọn òyìnbó, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn gẹ̀rẹ́ lọ sílẹ̀, bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sùn. Àmọ́ Ìlọrin kò ju nǹkan bí dígírì 8.5 lọ sí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ibí fẹ́rẹ̀ẹ́ já wálẹ̀ ṣánṣán ni, dígírì 15 ní wákàtí kan. Láti ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń pọ́n títí tí oòrùn fi wọ̀, ogójì ìṣẹ́jú ni kéèyàn fọkàn sí. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹni tó gbọ́ “golden hour”, orúkọ tí àwọn oní-fọ́tò ń pe àkókò ìmọ́lẹ̀ yìí, tó wá rò pé wákàtí kan gbáko lòun ní, kó tó tún gèlè ṣe tán, ó ti parí.

Oòrùn ọ̀sán kò ṣe é gbára lé rárá. Ní àárín oṣù Kẹrin àti ìparí oṣù Kẹjọ, àtàrí gan-an ló ń dúró sí lọ́sàn-án ní Ìlọrin: iwájú orí á máa kọ mànà, ihò ojú á sì di kòtò dúdú.

Àǹfààní kan wà fún ará Ìlọrin níbẹ̀. Àárín ìrun Àlàásárì àti Màgàríbì ni àkókò yìí bọ́ sí. Wọ́n á kírun nílé, wọ́n á gun òkè. Kìkì pé ìmọ́lẹ̀ tó dáa jù ló máa ń forí sọ Màgàríbì, nítorí náà ẹní ìkírun àti bùútà omi náà jẹ́ ara ẹrù oní-fọ́tò.

Ọjọ́ kan ṣáájú ló yẹ kí oní-fọ́tò ti débẹ̀, ní agogo kan náà tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìhà ìlà-oòrùn òkè máa ń bọ́ sínú òjìji tipẹ́tipẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ibi tó rẹwà lówùúrọ̀ lè ti kú ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n á wo ibi tí omi òjò ti ń ṣàn lórí àpáta. Ojú ọ̀nà omi yẹn, tó dúdú tó sì rí bíi pé ó gbẹ, ibẹ̀ gan-an ló ń yọ̀ lákòókò òjò. Inú báàgì ló yẹ kí bàtà gogoro wà títí dókè, kì í ṣe lẹ́sẹ̀. Àpáta tó ti ń yá oòrùn láti àárọ̀ ṣì gbóná ní agogo mẹ́rin, ẹni tó bá fẹ́ jókòó lé e kó tẹ́ ìró sábẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gba àròjinlẹ̀. Ẹ wo ìyàwó tó wọ léèsì funfun, tó dúró níwájú àpáta dúdú. Kámẹ́rà ò mọ funfun, kò mọ dúdú. Gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Bí àpáta bá gba ojú fọ́tò, á rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, iṣẹ́ ọnà ara léèsì á sì pòórá. Bó bá jẹ́ léèsì ló gbà á, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ìyàwó á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyàwó, tó sì ń ní kí ẹnì kan gbé páálí funfun sábẹ́ àyà rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sókè. “Ìyàwó wa, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.” Páálí yẹn ò ju owó pọ́ọ́kú lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti fíláàṣì olówó ńlá.

Aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin náà ní ibi tó bá a mu. Ẹtù, tó dúdú bí aró, máa ń rì mọ́ àpáta dúdú. Sányán aláwọ̀ ilẹ̀ nínú koríko gbígbẹ oṣù Kìíní, ṣe ló ń bá koríko lọ. Àlàárì pupa ni kò sí òkè tó lè gbé e mì. Afẹ́fẹ́ orí òkè ò sì mọ iye tí wọ́n san fún wíwé gèlè: pínnì ló ń mú un dúró, tàbí híjáàbù.

Nígbà ọyẹ́, eruku á sọ àwọn òkè ọ̀ọ́kán di funfun, oòrùn á sì ṣú kó tó wọ̀. Òrí dára fún ètè tó ń là, àmọ́ òru ló yẹ kí wọ́n ti fi í pa ojú. Èyí tí wọ́n bá fi kun iwájú orí lórí òkè á máa kọ bí dígí. Ojú ọ̀run mọ́ jù lẹ́yìn òjò. Bí àrá bá ṣì ń sán, kí ẹnikẹ́ni má dúró lórí àpáta.

Ó tún ku ẹni tó ni òkè. Ní òkè Sóbì ní Ìlọrin, bárékè ológun wà nítòsí, kí wọ́n má kọjú kámẹ́rà síbẹ̀, kí wọ́n má sì gbé dróònù fò láìgba àṣẹ. Ní ìgbèríko Ìgbómìnà àti Èkìtì Kwara, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà, nítorí àwọn òkè kan wà tí wọ́n ń bọ. Ọ̀rọ̀ ajínigbé náà ti jẹ́ kí ọ̀nà kan di èyí tí ará ìlú fúnra wọn ò gbà mọ́ tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ má lọ.

Nírú ibẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n ń lò. Oòrùn oṣù Kejìlá ń yọ ní nǹkan bí agogo 6:50, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò sì burú, àyàfi ìrì tó ń rin etí ìró gbingbin. Ìyàwó á wà níwájú ẹni tó ń kun ojú láti agogo mẹ́rin, oorun ojú rẹ̀ ni wọ́n á sì kọ́kọ́ kùn bò.