Stress: ìpín tó kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Ẹni tó bá ń kọ́ civil engineering ní yunifásítì kò ní pẹ́ pàdé Strength of Materials, ẹ̀kọ́ nípa bí irin, pákó àti kọnkéré ṣe ń gba ẹrù. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ àbúrò tó mọ fọ́múlà rẹ̀ dunjú, àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n sọ ohun tí stress jẹ́ fún mi, èsì wọn ni pé, "Agbára ni, ẹ̀gbọ́n." Kì í ṣe agbára. Ìpín ni.

Ẹ wo ọkùnrin mẹ́jọ tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Bí mẹ́rin bá jáwọ́, jẹnẹrétọ̀ náà ò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìpín tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó kù ti di ìlọ́po méjì. Nínú irin tàbí pákó, ohun tó dúró fún àwọn agbẹ́rù yìí ni ojú tí ẹ máa rí tí ẹ bá gé e níbùú bí ẹni gé iṣu. Ẹ mú agbára tó ń fa irin náà, ẹ fi fífẹ̀ ojú yẹn pín in: stress nìyẹn. N/mm² la fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn iye Newton (ìwọ̀n agbára) tó kan mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. MPa tí ẹ ń rí nínú ìwé, òun náà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 12 mm. Ojú tí a gé níbẹ̀ jẹ́ 113 mm². Bó bá jẹ́ irin tó lè gba 410 N/mm² kó tó juwọ́ sílẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo á gba nǹkan bí 46,000 Newton, ìyẹn ẹrù tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Ká wá ní irin tí wọ́n pè ní 12 lọ́jà, 10.5 mm ló jẹ́ nígbà tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó rà á á ní kí ni mílímítà kan ààbọ̀ jẹ́. Àmọ́ ojú náà ti dín kù sí 87 mm², torí pé ìbú la máa ń fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí a bá ń ṣírò rẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn agbẹ́rù ti sá lọ, ilé tí wọ́n máa gbé ò sì fúyẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú ohun ìwọ̀n dání lọ ra irin.

Strain ni ìkejì stress: bí nǹkan ṣe gùn sí i tó, tí a fi gígùn rẹ̀ àtilẹ̀wá pín. Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé bí ohun kan bá ṣe nà tó ni agbára tó fà á ṣe pọ̀ tó. Ó kọ́kọ́ da àwọn lẹ́tà ábídí tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà rú láti fi í pamọ́ lọ́dún 1676, kó tó tú u síta lọ́dún 1678. Iye tó so stress àti strain pọ̀ ni Young's modulus, tí ti irin jẹ́ nǹkan bí 200,000 N/mm². Irin oní mítà kan tí a fà dé 410 N/mm² á fi mílímítà méjì péré gùn sí i. Tó bá kọjá ibẹ̀, kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́, ṣùgbọ́n á ṣì máa nà kó tó já. Mo fẹ́ràn ìwà yìí lára irin: ó máa ń kìlọ̀. Ilé á tẹ̀, á sán, àwọn èèyàn á ráyè sá jáde. Kọnkéré ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gbà á. Ẹ fà á, á já lójijì, nítorí agbára tó lè gbà tí a bá ń fà á kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó lè gbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni títẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bending. Ẹ wá fóòmù nínípọn kan, ẹ fi bírò fa ìlà òòró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e lé bíríkì méjì, kí ẹ sì tẹ àárín rẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn ìlà náà sún mọ́ra lókè, wọ́n ya síra nísàlẹ̀, ibi tó wà láàárín méjèèjì ò sì yí padà. Òkè ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ ń nà. Níbí, ìpín ò dọ́gba mọ́: àwọn tó wà létí lókè àti nísàlẹ̀ ló ń jìyà jù, tàárín fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Ìdí rèé tí káfíńtà kì í fi í tẹ́ pákó 2x6 sílẹ̀ gbalaja tó bá ń kan òrùlé. Ó máa ń gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí púpọ̀ nínú igi náà lè jìnnà sí àárín. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹrù kan náà á mú un tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Bíìmù tí òpó gbé lápá méjèèjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń nà, kọnkéré ò sì fẹ́ kí a fa òun. Torí náà ìsàlẹ̀ la máa ń to irin tó pọ̀ jù sí. Bákónì yàtọ̀. Apá kan ṣoṣo ló fi di ilé mú, orí rẹ̀ ń fẹ́ wálẹ̀, òkè rẹ̀ ló sì ń nà. Òkè nirin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá kó o sísàlẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe bíìmù lánàá ti fi kọnkéré nìkan sílẹ̀ láti gba ohun tí kò lè gbà.

Nígbà mìíràn, wọ́n á tò ó síbi tó yẹ, ẹsẹ̀ á wá bà á jẹ́. Ká ní bákónì náà nípọn tó 150 mm, irin sì wà ní 125 mm sókè láti ìsàlẹ̀. Bí àwọn tó ń da kọnkéré bá ń tẹ irin náà mọ́lẹ̀ títí tó fi di 75 mm, iye irin ò dín, ṣùgbọ́n bákónì yẹn ti pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ lọ́jọ́ dídà. Màá ní kí wọ́n fi irin tí wọ́n tẹ̀ bí àga gbé irin òkè dúró, kí wọ́n to pákó tí wọ́n á máa rìn lé, màá sì fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó da ọpọ́n àkọ́kọ́.