Ọ̀pá yẹtí fún ihò tuntun: kí ni títéníọ̀mù F136?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lu etí tàbí imú, òkúta tó ń dán lójú yẹtí ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀pá tó máa wọ inú ihò ló yẹ kó wò. Egbò ni ihò tuntun. Awọ kò tíì bo inú rẹ̀, ẹran ara gan-an ni ọ̀pá náà ń bá pàdé.

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní góòlù lórí àtẹ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, idẹ ni, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lójú rẹ̀, níkẹ́lì, irú irin kan, sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Bí òógùn bá ti jẹ ojú yẹn, níkẹ́lì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ara àwọn kan kò gbà á rárá: etí á máa yún, á pọ́n, á máa sun omi, wọn á sì ní ẹni tó lu ú ni kò mọ̀ ọ́n lù. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́, ìdè bẹ́líìtì pàápàá lè máa yún un. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí níkẹ́lì tó ń jáde lára ọ̀pá ihò tó máíkírógíráàmù 0.2 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan lọ́sẹ̀.

F136 ni àmì tí ASTM, àjọ tó ń gbé ìlànà ohun èlò kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fún irú títéníọ̀mù tí dókítà ń fi sínú ara, bí èyí tí wọ́n fi ń to egungun. Bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, 4 jẹ́ fanádíọ̀mù. Wọn kì í po níkẹ́lì mọ́ ọn. Níkẹ́lì 10 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú 316L, irin tí kì í tètè dípẹtà tí wọ́n tún fi ń ṣe yẹtí. Lóòótọ́ kì í tètè jáde, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi sí etí ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wúrà gidi káráàtì 14 tàbí 18 dára, àfi wúrà funfun tó lè ní níkẹ́lì. Fàdákà ń dúdú nínú egbò, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Òwú tí àwọn ìyá wa ń fi sí etí ìkókó kò ní níkẹ́lì, àmọ́ ó ń fa ìdọ̀tí mu.

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi òòfà tàn yín. Kì í fa títéníọ̀mù, kì í sì í fa idẹ. Ìwé tó bá ọjà wá ni kí ẹ béèrè.

Ó tún ku gígùn ọ̀pá. Etí á wú, yẹtí kúkúrú á sì há a mọ́. Ẹ ra èyí tó gùn díẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí wíwú bá rọlẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó lu ú kó fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀, torí èyí tó gùn á máa kọ́ gèlè.

Ìsàlẹ̀ etí lè jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Òkè etí tó le lè gba oṣù 6 sí 12. Bí aṣọ ẹbí bá dé kó tó jinná, ẹ ní kí ẹni tó lu ú bá yín pààrọ̀ orí yẹtí nìkan, kí ọ̀pá má kúrò nínú ihò.