Ojú Ọmọ Ti Ṣáájú Ọwọ́ Rẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Kíláàsì Àwòrán fún Ọ̀dọ́langba

"Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń yàwòrán, ṣùgbọ́n ó ti pa á tì báyìí. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n yà." Òbí tó bá sọ èyí fún èmi olùkọ́ àwòrán, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọjọ́ orí ọmọ náà kí n tó béèrè: ọdún 11 sí 14 ni.

Kì í ṣe pé ẹ̀bùn ọmọ náà ti gbẹ. Ọmọ ọdún 6 lè ya ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún kó sì máa fi yangàn kiri ilé. Tó bá di ọdún 12, ojú rẹ̀ ti là, ó ti rí i pé ẹṣin òun ò jọ ẹṣin. Viktor Lowenfeld, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà fáwọn ọmọdé, ṣàlàyé ìpele yìí nínú ìwé tó kọ ní 1947: ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú àgbàlagbà wo iṣẹ́ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì tó o ṣe. Ibi tí wọ́n á ti máa yìn ín ṣáá kọ́ ló nílò. Kí wọ́n kọ́ ọwọ́ náà títí tí yóò fi bá ojú ni.

Kí ẹ tó máa wá olùkọ́ kiri, ẹ wo ohun tí ọmọ ń yà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá rán an níṣẹ́. Ṣé àwọn akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán ni, àbí bàtà àti aṣọ? Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Olùkọ́ tó bá sì fojú tín-ín-rín rẹ̀, ọmọ náà ò ní pẹ́ sá fún un.

Ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ilé ìwé rẹ̀, torí òun ló sábà máa ń mọ ẹni tó ń kọ́ni dáadáa lẹ́yìn ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé ìkàwé, mùsíọ́ọ̀mù, ilé àwọn amọ̀kòkò àti àwọn ayàwòrán. Àwọn yunifásítì tó ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà náà máa ń ṣílẹ̀kùn ní Sátidé nígbà mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò National Saturday Club, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 lọ́fẹ̀ẹ́. Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Ní ti iṣẹ́ amọ̀, ẹ gbàgbé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá lọ wo kíláàsì kan, ẹ wo ara ògiri kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu olùkọ́. Bí àwòrán 15 bá wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ara wọn bí ìbejì, olùkọ́ ló ya ọ̀kan, àwọn ọmọ sì dà á kọ. Ẹ béèrè ọjọ́ orí àwọn yòókù pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 13 tí ẹ bá fi sáàárín àwọn ọmọ ọdún 7, ìtìjú nìkan á lé e lọ.

Ẹ tún wo ọwọ́ olùkọ́. Bí ọmọ bá pè é pé imú tí òun ń yà ò jọ imú, kí ló ṣe? Olùkọ́ mìíràn á gba pẹ́ńsùlù, á pa imú tọmọ rẹ́, á ya tirẹ̀ sí i. Àwòrán á dára, inú ìyá á dùn tó bá délé, ṣùgbọ́n ọmọ mọ̀ pé imú yẹn kì í ṣe tòun. Èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan fa bébà náà ya lójú mi, ó sì jàre. Láti ọjọ́ náà, bébà ọ̀tọ̀ ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ, màá sì ní kí ọmọ padà wo ohun tó wà níwájú rẹ̀: ìsàlẹ̀ imú àti ìsàlẹ̀ etí, èwo ló ga jù? Níbo ni òjìji ti ṣú jù?

Ti ààbò kò gba àríyànjiyàn: ẹ má gbà kí olùkọ́ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo tọpẹtáìnì, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà olóròóró, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀. Níbi amọ̀, aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nu ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ máa ń gbé eruku amọ̀ sókè, eruku yẹn sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ má tíì ra àpótí ọ̀dà aláwọ̀ 72. Pẹ́ńsùlù HB, 2B àti 6B (6B ló rọ̀ jù, tó sì dúdú jù), rọ́bà ìpàwé àti ìwé ìyàwòrán kan ti tó. Tó bá kan ọ̀dà olómi, bébà ló yẹ kí owó lọ sí: èyí tó wúwo tó gíráàmù 300 ní mítà kan níbùú lóòró kì í ká kò bí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó jẹ́ 80.

Tí ọmọ bá dé láti kíláàsì, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ṣe lónìí. Ìwé ìyàwòrán rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣí i, àfi tó bá fúnra rẹ̀ gbé e wá.